Fíìmù Olórin Jàpáàn Tí A Jọ Wò ní Kàbà

Nígbà tí wọ́n yọ Kogí kúrò lára Kwara, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Okun, àwa Yorùbá agbègbè Kàbà, ló kó ẹrù wọn kúrò ní Ìlọrin. Àwọn kan lọ sí Lọ́kọjá, àwọn kan wá sí Kàbà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá sọ́dọ̀ wa jẹ́ ọkùnrin ọmọ Ìjùmú, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mátíráàsì kan, àpótí aṣọ kan àti fáólìn kan ló kó wá. Gòjé òyìnbó ni àwọn àgbà ìjọ wa ń pe fáólìn náà, torí gòjé àwọn Haúsá ni wọ́n mọ̀.

Èmi ni mo ń tẹ dùrù ní ìjọ nígbà náà. Tísà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyá mi sì ti ń bi mí ní ohun tí mò ń dúró dè tí n kò fi tíì lọ́kọ. Ọ̀gá akọrin ní kí èmi àti akọ̀wé yìí jọ máa kọrin pẹ̀lú ohun èlò wa nígbà tí àwọn èèyàn bá ń dá ọrẹ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá yára jù, á gbé ọ̀pá tó fi ń ta fáólìn rẹ̀ sókè, á ní, “Tísà, ẹ ń sáré.” Èmi náà á ní, “Ẹ̀yin lẹ ń fà á.” Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí i pé láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò méjì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Àǹtí mi. Fíìmù àwòrán tí àwọn ará Jàpáàn fi ọwọ́ yà ni, wọ́n sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì sí wọn lẹ́nu. Àwọn ọmọ wò ó díẹ̀, wọ́n pa á tì, wọ́n ní kò sí ìjà níbẹ̀. Àǹtí mi ló sọ fún mi pé, “Irú orin tí ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní kí akọ̀wé yín wá, kí ẹ jọ wò ó.”

Apá méjìlá ni, ọ̀sán Sátidé márùn-ún la fi wò ó, nígbà tí iná bá wà. Àǹtí mi á se ẹ̀pà sínú abọ́, á jókòó sáàárín wa. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń ta gòjé ńlá kan tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún, àti ọmọkùnrin kan tó ń tẹ dùrù fún un. Ọwọ́ ń dun ọmọbìnrin náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọkùnrin náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, kò sọ ìyẹn náà.

Ohun tó dára nínú fíìmù náà pọ̀. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ti jókòó ti olórin rí. Ìka tó bá tẹ dùrù, ohùn ìka yẹn gan-an lo máa gbọ́. Akọ̀wé kò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí Àǹtí mi fi ní kó má fọ́ ojú ara rẹ̀. Nígbà tó padà jókòó, ó ní, “Òótọ́ ni. Wọn ò tàn wá.” Èyí tó tún wù mí ni pé wọn kò fi orin ṣe idán. Ọmọbìnrin náà á ta ìlà orin kan náà títí ìka rẹ̀ á fi bó, á sì tún ṣì í ta lójú èrò.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń sunkún jù. Bí ewé bá já lára igi, ẹnìkan á sunkún. Àǹtí mi béèrè ẹni tó ń fọ aṣọ ilé ìwé wọn, torí a kò rí ìyá kankan níbẹ̀ àfi èyí tó ń jágbe. Ohun tó ń bí èmi nínú jù ni pé bí wọ́n bá wà láàárín orin, ọmọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, á rántí ìgbà èwe rẹ̀, á rántí òjò kan báyìí, kí ó tó tẹ ìka tó kàn.

Mo ní, “Irọ́ lèyí. Orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni.”

Akọ̀wé ní, “Kì í ṣe irọ́, Tísà. Èèyàn lè ro ohun tó gùn kí ọ̀pá tó ti òkè dé ìsàlẹ̀.”

Ní Sátidé karùn-ún, fíìmù náà parí. Ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú mìíràn, ọmọkùnrin náà sì dúró sí ibùdókọ̀ láìsọ nǹkan kan. Inú bí mi.

Mo ní, “Apá méjìlá la fi wo ẹni tí kò lè la ẹnu.”

Ó ní, “Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ni ẹnu lè gbé.”

“Ẹnu tó gbé abọ́ ẹ̀pà kan láti ọ̀sán yìí ńkọ́?”

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́, ó lọ sí ilé ìdáná. Mo rò ó pé bí n kò bá bi í nísinsìnyí, n kò ní bi í mọ́. Mo ní, “Kí ni ẹ̀yin ń rò ní tiyín, nígbà tí a bá jọ ń kọrin?”

Ó ní obìnrin kan wà ní Ìlọrin, tísà ni, ọmọ Kwara. Wọ́n ti fẹ́ mọ àwọn òbí ara wọn kí ìjọba tó pín ìpínlẹ̀. Láti ìgbà tó ti wá sí Kàbà, kò kọ lẹ́tà, torí kò mọ bí yóò ṣe sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá bá òun.

Ọkàn mi wúwo, ṣùgbọ́n ohùn mi kò yí padà. Mo ní, “Ẹ lọ sọ fún un. Kó fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́ bó bá fẹ́ kọ̀ ọ́.”

N kò gun ọ̀kadà padà sílé lọ́jọ́ náà, mo fẹsẹ̀ rìn ni. Ìyá mi ní ojú mi pọ́n. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Iyán tó gún, mo jẹ ẹ́ tán.

Akọ̀wé lọ sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ kejì. Ọdún náà kò tíì parí tí ìjọ wa fi gbé bọ́ọ̀sì lọ síbi ìgbéyàwó wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí kí n tẹ dùrù, mo sì gbà. Bí ìyàwó ṣe ń wọlé, láàárín ìlà orin kan ṣoṣo, mo rántí gbogbo Ọjọ́bọ̀ wa pátá, n kò sì ṣi ìka kan tẹ̀. Mo mọ̀ níbẹ̀ pé mo ti fi ẹ̀sùn irọ́ kan àwọn ará Jàpáàn lásán.

Ìyàwó náà wá sí Kàbà. Kò tètè rí iṣẹ́, ilé sì sú u. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mò ń palẹ̀ ìwé orin mọ́. Ó ní, “Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ́ mi ní dùrù?” Ó ti kọ́ ìkíni wa. Mo fẹ́ sọ pé n kò ráyè. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé kó wá ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ilé ìwé.

Ìka rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n bó bá ṣì í tẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí iṣu tuntun fi dé, ó ti lè fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orin kan já. Ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé ọkọ òun ní èmi ni mo lé e lọ bá òun ní Ìlọrin.

Mo ní òótọ́ ni, kó tún ọwọ́ òsì yẹn tẹ̀.