Bàbá Tí Kì Í Bá Ọmọ Ṣeré

Ìwà Níyì, àbúrò mi, máa ń rí mi lára. Tíṣà ni ní Ọ̀yọ́. Dámiláre, ọmọ ọdún márùn-ún, nìkan ló bí, síbẹ̀ kò bá a ṣeré rí. Ó ní tí òun bá ń bá a ṣeré, á máa rí òun fín. Ṣìọ̀! Bí ó bá ti wọlé báyìí, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á sì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ bí àpò gàrí. Àlejò á ní, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé o!" Orí Níyì á wú.

Nígbà ọdún Àjíǹde, wọ́n wá kí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ilé wa pe Dámiláre sí eré bọ́ọ̀lù. Ó ti Fèyí, ọmọ alájọgbé mi, lulẹ̀, ó já bọ́ọ̀lù gbà, ó sì dì í mọ́ra. Mo ní kó dá a padà. Níyì ò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ni ò lẹ́kọ̀ọ́." Díẹ̀ ló kù kí n tutọ́ sílẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ bojúbojú. Fèyí bo ojú, gbogbo wọn sá pamọ́, àfi Dámiláre tó dúró sí àárín àgbàlá.

Mo ní, "Yára lọ sá pamọ́!"

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wá wò mí.

"Mọ́mì Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo bá sá pamọ́, ta ló máa wá mi?"