Ẹ̀gbọ́n Mi àti Gíláàsì Ẹlẹ́rìí

Tún-un-ṣe ni a ń pe ẹ̀gbọ́n mi nílé. Bí o bá fọ abọ́ tí kò mọ́ tó, wàá tún un fọ̀. Bí o bá ká aṣọ tí etí rẹ̀ kò bára mu, wàá tú u. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo jẹ ìyà yẹn jù, mi ò sì ní purọ́, ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni kó máa gé ẹran ara tí àwọn dókítà bá yọ lára aláìsàn ní pẹlẹbẹ, kó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kó sì fi oògùn kùn ún. Nígbà tí jẹjẹrẹ ojú ara, irú èyí tí kò wọ́pọ̀, mú mi, ọwọ́ rẹ̀ náà ni tèmi bọ́ sí. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé purotéènì kan wà tí wọ́n fẹ́ wá. Bó bá wà níbẹ̀, gíláàsì á di búráùn, irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń gbọ́ ìtọ́jú. Bí kò bá sí, iṣẹ́ ń bẹ.

Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó di búráùn," ó ní.

Mo dìde láti dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ dá mi dúró.

"Jókòó ná. Ẹlẹ́rìí náà di búráùn."

Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pe gíláàsì kejì. Ẹran ara mi kan náà ni, àmọ́ wọn kì í fi oògùn tó ń wá purotéènì sí i, torí náà ó yẹ kó mọ́ ni. Bí òun náà bá di búráùn, a jẹ́ pé àbàwọ́n lásán lè wà lórí méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀," mo ní. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo kánjú nítorí ẹ, mi ò fọ̀ ọ́ tó."

Tún-un-ṣe kánjú! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n bú u. Ẹkún ni mo sun.

Lọ́jọ́ kejì, ó gé òmíràn, ó sì rọra fọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó jáde, ọ̀gá rẹ̀ ti bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

"Tìẹ di búráùn. Ẹlẹ́rìí mọ́ tónítóní."

Dókítà ní ìtọ́jú ṣì máa gùn, ṣùgbọ́n ìrètí wà dáadáa. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò bá di búráùn ńkọ́?"

"Ǹ bá sọ fún ẹ."

Mo mọ̀ pé ì bá sọ ọ́ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìròyìn ayọ̀ náà gbọ́.