Ìpékeré Aláró

Bí Àsíátù Ọláògún bá bú sẹ́rìn-ín ní Ìtòkú, àwọn obìnrin tó ń pa aṣọ láró ní òdìkejì ọ̀nà á ti máa bá a rín in kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni láti kékeré. Agboolé aláró ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gba iṣẹ́ aṣọ rárá. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbà ni ọ̀bẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á dín in títí yóò fi máa dún lẹ́nu, á dì í sínú ọ̀rá, á sì fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu ọ̀rá náà pọ̀. Àwọn tíṣà ń rà á, àwọn dírẹ́bà tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ewékorò náà ń rà á.

Ní nǹkan bí ọdún 1982, Alhaji Sàlàhúdíìnì, tí í ṣe ọmọ ìdílé oníṣòwò kan ní Kemta, ṣí súpámákẹ́ẹ̀tì sí Òkè-Ìlẹ̀wó. Ó tọ́ ìpékeré Àsíátù wò lọ́jọ́ kan, ó sì ránṣẹ́ pè é pé kó máa gbé e wá sórí àtẹ òun. Àsíátù kò wọ takisí padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, torí ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá pàdé bi òun léèrè ibi tí òun ti ń bọ̀.

Ayọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí ìyàwó ẹnjiníà kan fi gbé ọ̀rá ìpékeré kan padà wá sí ṣọ́ọ̀bù láti Ewékorò. Ó da á sórí káńtà. Gbogbo rẹ̀ pọ́n dáadáa, àfi ẹyọ kan láàárín tó dúdú bí aró. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun kan ti dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni. Ṣùgbọ́n Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó kó gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń ṣe wá láti ilé kúrò lórí àtẹ: ìpékeré, ẹ̀pà, ṣinṣín, títí dé orí búrẹ́dì. Ó wá pe àwọn tó ń kó wọn wá jọ, ó ní ọ̀kankan nínú wọn kò ní padà síbẹ̀ àfi tí ẹnìkan bá yẹ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é wò, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé ó mọ́.

"Èmi ò lè yẹ̀ yín wò," ó ní, "torí èrè tèmi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ò lè yẹ ara yín wò. Ẹni tí kò rà, tí kò tà, ni ká wá."

Ẹni tí Alhaji wá rí ni Bàbá Olúmidé, wòlé-wòlé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Kemta. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sọ pé bó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àmù omi pàápàá á máa gbọ̀n. Àwọn olóúnjẹ yòókù ń ráhùn. Àsíátù nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn. Kò parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé sátífíkéètì kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí rí, àfi káàdì ìdìbò. Ó ní bí ìpékeré bá lè gba sátífíkéètì, òun ti gbà á ná.

Lọ́jọ́ tí Bàbá máa wá, Àsíátù wọ léèsì. Ó fọ ilẹ̀, ó bo omi, ó sì ti àwọn adìẹ ilé mọ́ yàrá, torí ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti di aró. Ó bẹ ìyá rẹ̀, Sìdíkàt Aláró, pé kó má sọ̀rọ̀. Bàbá Olúmidé kò gba àga, kò gba mínírà. Ó ń wo ìhín, ó ń wo ọ̀hún, ó sì ń mi orí pé ó dára, títí ó fi gbé abọ́ tánganran ńlá kan sókè tó sì béèrè ẹni tó ni ín.

Kí Àsíátù tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti dáhùn tìdùnnú-tìdùnnú.

"Èmi àti ọmọ mi la jọ ni ín, Bàbá. Òun ló fi ń fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, èmi ni mo fi ń po kọ́sítíìkì fún aró lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n mo máa ń ṣàn án."

Bàbá gbé abọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní èèyàn lè fi aró rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì ń jó ọ̀nà ọ̀fun, pàápàá tọmọdé. Òun kò ní fọwọ́ sí i. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn adìẹ ti já ìlẹ̀kùn yàrá, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ aró wọn kọjá láàárín Bàbá àti Àsíátù. Àsíátù fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín kò jẹ́. Bàbá kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rín tán. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun yẹn dúró sí Àsíátù láyà. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa gbé iṣẹ́ òun lọ sí Kemta, sí ilé ìdáná tó ṣófo lẹ́yìn ilé Mọ́ṣúdù, àbúrò bàbá rẹ̀.

"Aró tí o ń sá fún yìí ló tọ́ ọ dàgbà," ni ìyá rẹ̀ wí.

Àsíátù kúnlẹ̀. "Màámi, n ò sá fún aró. Ẹnu àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń ṣọ́."

Ìyá náà gbé sítóòfù rù fúnra rẹ̀, ó di Kemta. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò wọlé. Láti ọjọ́ náà, bó bá wá kí ọmọ rẹ̀, ìta ló ń dúró sí, á kó ọwọ́ aró rẹ̀ sẹ́yìn, á sì máa pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé pé kó kọ́kọ́ lọ fọwọ́.

Bàbá Olúmidé kò sọ ọjọ́ tó máa wá lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Àsíátù ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀ yẹn."

Wòlé-wòlé fọwọ́. Ó jókòó ti Àsíátù láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun Àílà. Ó wo èékánná rẹ̀, ó wo kànga, ó béèrè ìgbà tó ń da òróró nù. Àsíátù ní bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ, òun á kó o fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ. Kò wọ léèsì lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi gèlè di irun rẹ̀ pa, òógùn bò ó. Bàbá mú bírò jáde, ó fọwọ́ sí ìwé. Àsíátù fún un ní ọ̀rá ìpékeré kan, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́. Ó ní bí òun bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaji rí Bàbá tó tò sórí ìlà níwájú káńtà, ọ̀rá méjì lọ́wọ́ kan, owó tirẹ̀ lọ́wọ́ kejì.

Àsíátù gbé ìwé náà yí gbogbo Ìtòkú ká. Àwọn tí kò mọ̀wé ń ní kó ka orúkọ rẹ̀ fún àwọn, ó sì ń kà á bí ẹni ń ka oríkì. Ìwà wòlé-wòlé wọ̀ ọ́ lára. Ó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ onílé wò, ó ń wo èékánná àwọn tó ń kí i, títí àwọn aláró fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọ ilé bí wọ́n bá rí i. Bùsírátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yan ẹ̀pà, wá ní kó kúkú fọwọ́ sí ìwé fún òun. Inú Àsíátù dùn débi pé ó sáré lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Bàbá Olúmidé.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni," ni Bàbá wí, "àtẹ kan náà lẹ sì jọ ń tà lórí rẹ̀. Kọ́ ọ. Èmi á yẹ̀ ẹ́ wò."

Àsíátù kọ́ ọ. Ó le mọ́ ọn ju bí Bàbá ti le mọ́ òun lọ. Lọ́jọ́ tí Bùsírátù gba ìwé tirẹ̀, àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ láti Kemta, wọ́n ń sáré bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Sálúbàtà Àsíátù já, kò dúró mú un. Àwọn èèyàn ń yà fún wọn, wọ́n rò pé iná ló sọ níbì kan. Ìyá rẹ̀ sáré jáde láti ìdí ìkòkò aró, ó ń béèrè ohun tó dé. Wọn kò lè sọ ọ́. Àsíátù kàn di ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú, toun ti aró lára wọn, ó ń fò sókè, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fò láì tíì mọ ìdí rẹ̀.