Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Ìyá Alága Kí Ayé

Wọn ò torí pé ó ń darí ìpàdé pè é ní Ìyá Alága o. Àga ló ń tún ṣe, àga tí awọ rẹ̀ ti ya, tí fóòmù rẹ̀ ń yọ síta bí ìfun. Ó sì ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó ni àga gbọ́dọ̀ wá jókòó sórí rẹ̀ níṣojú rẹ̀ kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Á máa wo ẹ̀gbẹ́ tí onítọ̀hún ń gbára lé, á wò bóyá ó ń ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́. Ẹlòmíì á ní ṣé ọsibítù lòun wá ni. Á ní kó ṣáà jókòó.

Nígbà kan, orí ayélujára lòun náà ti ń wá oníbàárà bíi gbogbo ayé. Ìyà wo ni wọn ò fi jẹ ẹ́ níbẹ̀? Wọn ò jẹ́ kó jẹun, wọn ò jẹ́ kó wẹ̀. Ẹni tí kò rí i rí á bú u láàárọ̀ kùtù nítorí pé kò tètè fèsì. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún un níka, ó wọlé ṣinṣin. Ẹ bá mi gbọ́ o: ọwọ́ kejì ló fi ń tẹ fóònù, ó ń bẹ oníbàárà pé kó má bínú, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ìka. Nígbà tí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní bó bá ń bá a lọ báyẹn, ẹlòmíì ni yóò wá kó àwọn àga tó kù nílẹ̀. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ra fóònù kékeré tí kò mọ̀ ju ká pè ká dáhùn lọ. Oníbàárà dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń jẹun lásìkò. Kò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ayé.

Àfi bí obìnrin kan ṣe já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò kí i. Ó ní ìwà wo ni Ìyá Alága ń hù, tó ní kí òun fi fọ́tò àga ránṣẹ́, tó ní kò dìgbà tóun bá wá, tó tún wá ń sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sóun nígbà tóun béèrè ìgbà tí wọ́n máa wá gbé àga náà. Ìyá Alága ní bóyá ó ṣìnà ni. Obìnrin náà bá na fóònù sí i lójú. Àwòrán Ìyá Alága ló wà níbẹ̀, tẹ̀rín tẹ̀rín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀ nígbàkígbà, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru.

Ẹ wo ojú ọ̀dájú! Kò sẹ́ni tó lè ya fọ́tò yẹn bí kò ṣe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, èyí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó máa ń wá jókòó tì í níṣẹ́, tó ní òun wá kí ẹ̀gbọ́n òun. Ó bẹ obìnrin náà títí ó fi lọ, ó sì pe àbúrò rẹ̀.

Ìyẹn dé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe ohun ńlá. Ó ní torí pé iṣẹ́ Àǹtí òun ń kú lọ lòun ṣe dá sí i. Ó ní gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe ń sọ̀rọ̀ lòun ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, kò sì sẹ́ni tó fura.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?" ni Ìyá Alága wí. "Iná tí mo sá jáde nínú rẹ̀, ìwọ lo tún gbé orúkọ mi jù sí i. Pa á rẹ́ níṣojú mi."

Ó dúró tì í gbagidi títí ó fi pa á rẹ́. Àbúrò rẹ̀ jáde láì dágbére. Inú ṣì ń bí Ìyá Alága ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń gé awọ wọ́gọwọ̀gọ, ó ń bá abẹ́rẹ́ jà.

Ibẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, fi pè é. Ìyá ní ṣé kò sí nǹkan, torí òun ò rí ìkíni rẹ̀ lórí fóònù láti ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ kó má kí òun, kó má béèrè ẹsẹ̀ òun. Ìbínú tún ru lákọ̀tun. Àṣé ọmọkùnrin yìí ò dá ìyá tó bí wọn sí! Orúkọ òun ló tún fi ń bá ìyá àwọn sọ̀rọ̀!

"Màámi, kì í ṣe èmi," ló wí. "Ọmọ yín ọkùnrin ló ń jẹ́ iṣẹ́ tí mi ò rán an."



"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ìwọ ò béèrè ẹsẹ̀ mi rí."

Èébú tó ti wà lẹ́nu Ìyá Alága láti àárọ̀ ò rí ibi gbà mọ́. Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní báwo ni ẹsẹ̀ náà. Ìyá ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi ọ̀pá rìn, pé àbúrò rẹ̀ ló ra ọ̀pá náà wá fún òun.