Ìgbẹ́ Àgbò Iléyá Ló Gba Òkè Wa Sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́dún yìí. Ẹ má bínú o, ìgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán!

Ẹbí wa ní òkè kan lójú ọ̀nà Kuta. Tẹ́ ẹ bá gun orí ẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo Ìwó lẹ máa rí: àwọn páànù tó ti dípẹtà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé àwọn igi ọ̀nà Olúpọ̀nnà lọ́hùn-ún. Bàbá mi máa ń gbé mi lọ síbẹ̀ ní kékeré, kí wọ́n tó kú. Wọ́n á ní kí n wá ilé wa jáde láàárín àwọn páànù yẹn. Ṣé mo rí i rí ni? Màá kàn nawọ́ síbì kan ṣá!

Ṣùgbọ́n àwọn onítípà ti wa ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ pupa ibẹ̀ lọ fi ṣe títì, wọ́n fi kòtò ràgàjì sílẹ̀ fún wa. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bíi simẹ́ǹtì, koríko gan-an ò hù níbẹ̀.

Wọ́n wá pe ìpàdé ẹbí. Bàbá Mọ́gàjí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí, ní ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn, káwọn onítípà kúkú wá wa ìyókù. Ìyókù kẹ̀? Orí òkè gan-an nìyẹn o!

Ẹ kúkú mọ̀ mí, kì í pẹ́ tínú fi ń bí mi. Mo dìde láàárín àwọn àgbà, mo ní ẹnì kankan ò ní wa ibẹ̀! Bùrọ̀dá kan ní ta ló ní kí ọmọbìnrin sọ̀rọ̀. Màámi ń fà mí ní ìró látẹ̀yìn, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀!

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ tán ná. Màá jẹ́ kí nǹkan hù nínú kòtò yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá ní ó dáa, àwọn máa wá wò ó fúnra àwọn. Tí nǹkan kan ò bá hù, katakata máa gun òkè, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọhùn mọ́.

Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Mo gbin kajú, ó kú. Mo gbin máńgòrò, òun náà kú. Inú bí mi, mo gbá ilẹ̀ yẹn nípàá. Ẹsẹ̀ mi ló wú!

Àfi bí Iléyá ṣe dé. Ẹ mọ bí Ìwó ṣe máa ń rí: àgbò lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, ìgbẹ́ níbi gbogbo. Mò ń gbá tiwa lẹ́yìnkùlé, mò ń kùn, ló bá sọ sí mi lọ́kàn. Ṣebí ibi tá a máa ń so àgbò mọ́ lọ́dọọdún ni ata Màámi ti ń so jù!

Mo sáré pe Wàsíù, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Múínà, ìgbẹ́ kẹ̀? Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gbé ìyàwó ọ̀ṣìngín?"

Mo ní, "Ìyàwó wo lo gbé rí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá. Ilé dé ilé la kó o sínú àpò simẹ́ǹtì, títí kan èyí tó wà nínú ikùn àwọn àgbò tí wọ́n ti dú. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ mí ní Àlàájà Ìgbẹ́! Mo lé wọn títí, ọwọ́ mi ò bà wọ́n.

A dà á sí kòtò, a fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀, mo tún gbin máńgòrò. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Òjò rọ̀ tán. Lọ́jọ́ tí Bàbá Mọ́gàjí fẹ́ wá, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí! Máńgòrò mi ò tíì ga ju ìka lọ. Ohun tí mi ò gbìn ló bo gbogbo ilẹ̀: tòmátò, tẹ̀tẹ̀, oríṣiríṣi koríko. Gbogbo ohun táwọn àgbò jẹ kí wọ́n tó kú ló hù!

Bàbá dé. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, àwọn igi náà ṣì ń bọ̀. Wọ́n já tòmátò kan, wọ́n fi bùbá nù ún, wọ́n gé e jẹ.

"Ṣé àgbò tèmi ló gbin èyí?"

"Ó lè jẹ́ òun, Bàbá."

Ẹ̀rín pa wọ́n, fìlà já bọ́ lórí wọn! Wọ́n ní nǹkan ni mo sọ pé ó máa hù, nǹkan sì ti hù. Àwọn fúnra àwọn làwọn máa sọ fáwọn onítípà pé kí wọ́n gba ibòmíì lọ.

Bá a ṣe gun orí òkè nìyẹn. Bàbá ní kí n fi ilé wa han àwọn. Mo nawọ́. Wọ́n ní, "Mọ́ṣáláṣí nìyẹn! Kò burú, bàbá ẹ náà ò rí i rí, ìdí tó fi ń bi ẹ́ nìyẹn."

Háà! Gbogbo ọdún yẹn!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìbínú nìkan ò lè mú nǹkan hù. Tínú bá ń bí ẹ, wá àpò, kó ìgbẹ́! Ta ló ní irú kòtò báyìí ládùúgbò ẹ̀? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Tẹ́ ẹ bá sì wá ya fọ́tò lórí òkè wa, ẹ bá mi wá ilé wa jáde, kẹ́ ẹ sì fi tòmátò mi sílẹ̀ o!