Ìyáàfin Stennett àti Ọbẹ̀ Pásínípì Tó Dúró De Ìrì Dídì

Hilda Maud Stennett ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ní ìgbà òtútù tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní abúlé Wykeby, lórí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Lincolnshire. Opó ni. Ohun mẹ́ta ni àwọn ará abúlé fi mọ̀ ọ́n: ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tọ́jú ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, òun ni ó sì ń se ọbẹ̀ pásínípì tí gbogbo ìjọ máa ń jẹ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìgbakọ ìkòkò ńlá náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a dù ú rí.

Gbòǹgbò ni pásínípì. Ó rí gbọọrọ bíi kárọ́ọ̀tì, ó sì funfun bí àgbàdo tútù. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba àfojúdi: kí a gbìn ín nígbà ìrúwé, kí a fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ní gbogbo ìgbà ooru, kí a má sì hú u títí ìrì dídì yóò fi bo ilẹ̀ fún òru mélòó kan. Òtútù yẹn ni ó ń fi adùn sí i nínú. Èyí tí a bá hú ṣáájú àkókò kò korò, kò dùn. Ó kàn ń kún ẹnu ni.

Ní ọdún náà, ìrì dídì kọ̀, kò dé. Oṣù Kọkànlá parí pẹ̀lú òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ àti atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun kejì sì wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọ̀fìnkìn tó dá Hilda dùbúlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ti lọ, ṣùgbọ́n ó kó òórùn àti adùn dání lọ. Tíì di omi gbígbóná lásán lẹ́nu rẹ̀. Bọ́tà di ọ̀rá. Kò sọ fún ẹnì kan. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọn yóò gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì fi àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àga yẹn ni ó ń bẹ̀rù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú àsè, ó se ìkòkò kékeré láti fi dán an wò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó fọ pásínípì, ó bó o, ó yọ igi àárín rẹ̀ dànù. Ó din àlùbọ́sà nínú bọ́tà títí ó fi rọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ápù kan àti kọ́rì ṣíbí kékeré kan. Ó da omi egungun adìyẹ lé e. Ó lọ̀ ọ́, ó sì fi mílíìkì bù ú là. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó tọ́ ọ wò, kò gbọ́ adùn kankan, ó ní ó dára.

Aládùúgbò rẹ̀, Wilf Pacey, wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Baba ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, tó ti fìgbà kan ṣọ́ géètì rélùwéè. Ọdọọdún ni ó ń wá bú ọbẹ̀ náà, tí yóò sì jẹ abọ́ méjì.

"Gbé e wá, pẹ́pẹ́yẹ mi," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni tọkùnrin tobìnrin ibẹ̀ ń pe ara wọn. "Jẹ́ kí n mọ ohun tí màá bú lọ́dún yìí."

"O ò tíì nu bàtà ẹ."

"Bàtà kọ́ ló fẹ́ jẹun."

Ó bu ṣíbí kan. Ó bu èkejì.

"Hilda, ṣé o tọ́ nǹkan yìí wò?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Ẹnu ta lo fi tọ́ ọ? Mo jẹ ìwé ìròyìn nígbà ogun, ó dùn ju èyí lọ."

Hilda fa àga, ó jókòó. "Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi mọ́, Wilf. Láti oṣù Kẹwàá."

Wilf kò kẹ́dùn. "Abájọ tó o fi ń yin kéèkì tí Brenda gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́sí. Mo rò pé orí ẹ ló ti dàrú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Hilda láìròtẹ́lẹ̀. "O ò gbọdọ̀ sọ fún wọn."

"Èmi ò ní sọ. Ọbẹ̀ ẹ ló máa sọ."

Hilda rò ó mọ́jú. Ó lè fi ṣúgà sí i; ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ adùn, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tó tó? Ní òwúrọ̀ Ẹtì, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó lọ sí ilé Brenda Cottam, alámòójútó ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún.

"Sún àsè náà síwájú, Brenda. Kí ìrì dídì kọ́kọ́ bọ́."

"Ìyáàfin Stennett, a ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọgọ́ta èèyàn ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ra ọbẹ̀ inú agolo, kẹ́ ẹ sinmi lọ́dún yìí."

Àga ẹ̀gbẹ́ iná tí ó ń bẹ̀rù náà nìyẹn, Hilda sì mọ̀ ọ́n. Ó lè dákẹ́ kí ó máa lọ sílé. Kò dákẹ́.

"Nǹkan míì tún wà. Mi ò mọ adùn oúnjẹ mọ́. Wilf Pacey ló máa máa bá mi tọ́ ọ wò. Tó o bá fẹ́ gba ìgbakọ, gbà á báyìí, kí n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù yìí."

Brenda wò ó títí. "Wilf? Wilf tó ń fi jáàmù jẹ ẹja?"

"Òun náà ni."

"Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́." Brenda mú kálámù. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lè fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, agolo ni."

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní òru kọkànlá, ilẹ̀ le bí òkúta, koríko sì funfun títí dé etí odò. Òru mẹ́ta ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Hilda àti Wilf fi ṣọ́bìrì hú pásínípì ní ọjọ́ tó ṣáájú àsè. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Wilf dúró ti ìkòkò ńlá pẹ̀lú ṣíbí.

"Iyọ̀ díẹ̀ sí i."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe tó?"

"Fi sí i, màá ní ó tó." Ó tún tọ́ ọ wò, ó sì na abọ́ sí i. "Mi ò rí nǹkan kan bú."

Ìkòkò náà gbẹ kí aago kan tó lù. Ọdún mẹ́rin sí i ni Hilda fi di ìgbakọ náà mú.

Títí di òní, àwọn ará Wykeby a máa sọ fún àlejò pé ahọ́n Ìyáàfin Stennett mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tọ́ pásínípì wò lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì pàṣẹ kí gbogbo ìjọ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ ohunkóhun ní ọdún yẹn. Wilf Pacey ni ó tọ́ ọ wò. Brenda Cottam ni ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí Hilda ṣe ni pé ó sọ òtítọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.