Páálí Kẹta Wà ní Marietta

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni mo fi kó fíìmù obìnrin alágbára yẹn jọ. Ẹ̀yin tí ẹ wo tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe wa á mọ irú rẹ̀: obìnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò, tí irun orí rẹ̀ kì í sì í dàrú. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ rà. Nígbà tí DVD dé, wọ́n gbé páálí kìíní jáde, wọ́n gbé ìkejì jáde, wọ́n wá dákẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n kọ lẹ́tà èébú sí wọn. Nígbà tí páálí kẹta, tí ìparí ìtàn wà nínú rẹ̀, wá jáde, mo gbé e dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fi yangàn.

Àǹtí kan nínú ìjọ wa lókè òkun níbí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Marietta, rí i lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ah, mo máa ń wo èyí nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi. Jẹ́ kí n mú un lọ, just one week."

Mi ò tíì yọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìyá mi ni Àǹtí. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún un, mo tún kúnlẹ̀ lé e.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá pè láti Ìbàdàn pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà èwe wa, ilé aládùúgbò ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń wo fíìmù náà. Aládùúgbò kó lọ kí fíìmù náà tó parí, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dání, ìwà tí a kò tíì dárí rẹ̀ jì í títí dòní. Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi pé a ó jọ wo ìparí rẹ̀.

Ọkọ mi ní kí n kàn sọ fún Àǹtí pé kó dá a padà. Ó fẹ́ sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ìjọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo kúrò níbi iṣẹ́ ní Norcross, mo bá go-slow jà dé Marietta. Páálí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n Àǹtí, níwájú fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. Àǹtí ní kí Ọlọ́run mú un dé láyọ̀. Mo ní fíìmù àtijọ́ ló fẹ́ràn jù. Àǹtí ní kò sí ẹ̀kọ́ nínú ti ìsinsìnyí mọ́, ó sì bu ìrẹsì kún tèmi. Kò sí ọ̀kan tó di odidi nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo gbé páálí náà. "Àǹtí, èyí mà dáa o."

"You like it? Láti ìgbà tí Daddy ti lọ, òun ni mò ń wò lọ́sàn-án. Tí ilé bá ti dákẹ́ jù, mo máa tan obìnrin yẹn. Mú un lọ, kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ wò ó. But please, mo fẹ́ ẹ padà on Sunday. Àwọn èèyàn òde òní, tí wọ́n bá yá nǹkan, wọn kì í dá a padà."

Mo wò ó lójú bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ṣèlérí. Láti ibẹ̀ dé ilé ni mo fi ń bú ara mi nínú mọ́tò.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wò ó tán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, à ń pariwo bí ọmọdé. Bó ṣe parí ni ẹ̀gbọ́n mi gbé páálí náà sínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Èyí ń bá mi lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ, lọ ra òmíràn."

Mo rántí ilé tó dákẹ́ yẹn. Àánú Àǹtí ṣe mí, ó sì bí mi nínú pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yọ páálí náà kúrò nínú báàgì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Kì í ṣe tèmi. Mo yá a ni."